Ta Ni Ó Rán Ọ Níṣẹ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Òwe àtàtà ni, ṣùgbọ́n kò sí òwe tí ènìyàn búburú kò lè yá lò. Ẹ fi òwe yìí lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́, tí ó fi ìbọn pamọ́ sábẹ́ aṣọ, tí ó ń dúró de ọkọ̀ ẹnìkan lójú títì, ẹ ti fún un ní àwíjàre. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́la, ohun tí yóò wí kò ní ju pé, "Wọ́n rán mi ni." Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yẹn náà ni wọ́n sì pa èkejì rẹ̀, pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni mo fẹ́ dúró sí lónìí, kí n sì bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa fa ọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí ó bá bí yín nínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán ná.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí ni irú ìtàn kan tí ó ti gba ọkàn gbogbo wa. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọkùnrin kan wà tí ìjọba kọ́ ní ìpànìyàn. Ó mọ ìbọn í yìn, ó mọ ọkọ̀ í wà, èdè tí ó gbọ́ kò níye. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ amí pinnu pé òun gan-an ni kí wọ́n pa, nítorí pé ó mọ àṣírí owó tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ó sá, wọ́n lé e. Ó yí padà, ó sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Robert Ludlum ará Amẹ́ríkà kọ ọ̀kan nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní 1980, ó pe ọkùnrin rẹ̀ ní Bourne, wọ́n sì fi ṣe sinimá tí ó lókìkí ní 2002. Ṣáájú ìyẹn, ní 1971, Frederick Forsyth ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ìtàn agbanipa kan tí wọ́n fi owó bẹ̀ kí ó pa de Gaulle, olórí ilẹ̀ Faransé. Forsyth yìí kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Akọ̀ròyìn ni ní Biafra nígbà ogun abẹ́lé wa, ó sì kọ ìwé lórí ogun náà ní 1969 kí ó tó kọ ti agbanipa.

Ní Dọ̀pẹ̀mú tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lábẹ́ afárá tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó rí ọmọkùnrin tí kò mọ Bourne. Àwọn tí ń tún fóònù ṣe àti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ń pe Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìyànà Ìpájà yóò sọ fún yín bí ó ṣe ká ìwé ìròyìn lásán pọ̀, tí ó fi bá agbanipa ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Wọ́n á fi ọwọ́ júwe rẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ júwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti bi ọ̀pọ̀ nínú wọn léèrè rí pé ta ni Kudirat Abíọ́lá, ohun tí mo sì gbọ́ lẹ́nu èyí tí ó pọ̀ jù ni pé títì kan ni, ní Orégùn. Wọn kò purọ́. Títì ni lóòótọ́. A fi orúkọ òkú sọ títì, a da ọ̀dà sí i, a sì ń gun orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Èmi kò sọ pé ìtàn wọ̀nyẹn kò dùn. Wọ́n dùn ju àádùn lọ. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń kọ́ wa láti káàánú ẹni tí kò yẹ. Ẹni tí ó yìnbọn ni a ń bá sá. Àyà wa a máa lù kìkì bí ọlọ́pàá bá ti sún mọ́ ọn. Ẹni tí ó ti pa kò lórúkọ, kò ní ìyá, kò ní ọmọ tí ń retí rẹ̀ nílé. Ó kàn ṣubú kí ìtàn lè máa lọ ni. Ẹ̀sùn kejì burú ju ti àkọ́kọ́. Ní ìparí ìwé, wọ́n á rí ọ̀gá búburú kan mú. Wọ́n á yọ ọ́ bí ẹni yọ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀wà, ìkòkò náà á sì wà lórí iná bí ó ṣe wà. Òǹkàwé á pa ìwé dé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé ìyà ti jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ta ni ó kọ́ ilé tí wọ́n ti ń rán ènìyàn lọ pànìyàn? Ta ni ń san owó rẹ̀? Ta ni yóò jókòó sórí àga ọ̀gá búburú náà lọ́la? Ìtàn kò bi wá, àwa náà kò sì bi ìtàn.

Àwọn baba wa mọ ọ̀ràn yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn tẹ̀tú ni ń fi idà ṣe iṣẹ́ ikú fún ọba. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàárò idà wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó mọ tẹ̀tú, gbogbo ìlú ni ó sì mọ ẹni tí ó rán an. Bí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ bá ṣàn, a mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó kọjú sí. Ohun tí ayé òde òní fi kún un ni àṣírí. Wọ́n gba idà kúrò lọ́wọ́ tẹ̀tú, wọ́n fún un ní ìbọn àti orúkọ àdàpè, wọ́n sì gbé ẹni tí ó rán an pamọ́ sẹ́yìn tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀ràn mẹ́ta síwájú yín. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àròsọ nínú wọn.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Agẹmọ, 1984, wọ́n jí Umaru Dikko gbé ní ìta ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mínísítà ètò ìrìnnà ni nígbà ìjọba Shagari, ó sì ti sá kúrò nílé nígbà tí àwọn ológun gbàjọba. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n sì gbé e sínú àpótí ńlá kan. Dókítà kan jókòó tì í nínú àpótí náà kí ó má baà kú. Ọkọ̀ òfúrufú Nàìjíríà ti ń dúró dè é ní pápá Stansted. Ọlọ́run kò fi í lé wọn lọ́wọ́: akọ̀wé rẹ̀ rí wọn láti ojú fèrèsé, ó ké sí ọlọ́pàá, àwọn aṣọ́bodè sì já àpótí. Ọkùnrin mẹ́rin ni ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ní 1985; ọmọ Ísírẹ́lì ni mẹ́ta, ọmọ Nàìjíríà ni ẹ̀kẹrin. Ìjọba wa ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: àpótí kì í rán ara rẹ̀ níṣẹ́. Ọkọ̀ òfúrufú kì í déédéé fò lọ dúró de ẹni tí a jí gbé.

Ilé-iṣẹ́ amí tí a ní nígbà náà ni NSO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed. Ní oṣù Òkúdù 1986, ìjọba Babangida tú u ká, ó sì fi ilé-iṣẹ́ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: SSS fún ọ̀ràn abẹ́lé, NIA fún ti òkèèrè, DIA fún ti àwọn ológun. Wọ́n ní àtúnṣe ni. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn àtúnṣe yìí, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19, oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n mú ẹrù kékeré kan wá sí ilé Délé Gíwá, olóòtú àgbà Newswatch, ní Ìkejà. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, àwọn SSS ti pè é, wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó gba ẹrù náà tí ó gbé e tọ̀ ọ́ lọ níbi tí òun àti Káyọ̀dé Ṣóyínká, akẹgbẹ́ rẹ̀, jókòó sí. Bọ́ǹbù ni. Gíwá kú lọ́jọ́ náà. Ṣóyínká yè é. Agbẹjọ́rò Gàní Fawẹ̀hìnmí ní òun fẹ́ pe àwọn ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì lẹ́jọ́ fúnra òun, ó sì jà títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, èyí tí ó sọ ní 1987 pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Síbẹ̀ ẹjọ́ náà kò so èso. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1999, ránṣẹ́ pe Babangida, kò yọjú. Ilé-ẹjọ́ ni ó gbà lọ. Títí di òní olónìí, ilé-ẹjọ́ kan kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú Délé Gíwá.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 4, oṣù Òkúdù, 1996, wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní ìlú Èkó. Awakọ̀ rẹ̀ kú pẹ̀lú. Ọkọ rẹ̀, M.K.O., ti wà ní àtìmọ́lé láti 1994 nítorí ìbò ọjọ́ 12, oṣù Òkúdù, 1993. Obìnrin náà ni ó ń gbé ohùn ọkọ rẹ̀ kiri ayé. Nígbà tí Abacha kú ní 1998 tí ìjọba alágbádá sì dé, sájẹ́ǹtì ológun kan tí ń jẹ́ Barnabas Jabila, tí wọ́n ń pè ní Rogers, jẹ́rìí ní ilé-ẹjọ́ pé òun ni òun yìnbọn náà, ó sì dárúkọ Hamza al-Mustapha, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ Abacha, pé òun ni ó rán òun. Ní 2011, Rogers padà wá, ó ní irọ́ ni òun pa, pé wọ́n kọ́ òun ní ohun tí òun wí ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2012, Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ ikú fún al-Mustapha àti ẹnìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù Agẹmọ, 2013, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá àwọn méjèèjì sílẹ̀, ó ní ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò dúró.

Èmi kò ní pe ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá sílẹ̀ ní apànìyàn. Òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò sọ pé obìnrin náà kú ikú ara rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tò. Ní 1984, a mú ọwọ́, a kò mú orí. Ní 1986, a kò mú ọwọ́, a kò mú orí. Ní 1996, ọwọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ìgbà kan tí a rí ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ kí ó dúró síwájú adájọ́ kí ẹ̀bi sì dúró lé e lórí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Àwa kò rí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ mú, a kò sì rí ẹni tí ó gbé e mú dáadáa. Epo nìkan ni ó dà sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tí yóò ta kò mí lóhùn.

Àwọn kan nínú ẹ̀ka wa máa ń sọ pé Yorùbá kò lè gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀, pé èdè oko àti ti ààfin ni, kò ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ amí. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Amí ni Bíbélì Yorùbá pe iṣẹ́ àwọn ọkùnrin tí Jóṣúà rán lọ wo Jẹ́ríkò. Ẹ gbọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe ń rọra tẹ ilẹ̀. A ní agbanipa, a ní aṣekúpani, ìtumọ̀ wọn kò sì dọ́gba: ọ̀kan gba owó, èkejì lè má gbà á. A ní agbódegbà, ẹni tí ó ń bá olè gbìmọ̀ pọ̀. Ẹni tí èdè rẹ̀ ní agbódegbà, kí ni ó ń wá ní sọ́ọ̀bù ọlọ́ṣọ̀ọ́? Èdè tí ó sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, ti mọ ohun tí ó wà nídìí gbogbo ìwé amí kí wọ́n tó kọ ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé a ti ní ìtàn ọ̀daràn ní Yorùbá. Òótọ́ ni, mo sì ń fi wọ́n yangàn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún wa ní Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971, ó fi Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣe akọni. Kọ́lá Akínlàdé kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976. Ìwé tí mo lè kà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n olè ni Lápàdé ń lé. Apànìyàn tí owó tàbí ogún wọ̀ lójú ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akínlàdé ń wá. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì ni ó pànìyàn, bí ọlọ́pàá tí à bá ké sí bá wà lára àwọn tí wọ́n rán? Ibẹ̀ ni ìwé wa dúró sí. Fágúnwà ti fi ọ̀nà kan hàn wá ní 1938: nígbà tí ọba rán Akàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ojú gbangba ni ó ti rán an, oore ìlú ni ó sì rán an lọ wá. A mọ bí iṣẹ́ ọba tí ó dára ti ń rí. Kò tíì sí ẹni tí ó fi ìtàn gígùn hàn wá bí iṣẹ́ ọba tí ó bàjẹ́ ti ń rí láti orí àga dé ojú títì.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ogiri létí, ẹ jẹ́ kí òkú sùn." Èmi náà mọ̀ pé ogiri létí. Ṣùgbọ́n òkú tí a kò mọ ẹni tí ó pa á kì í sùn. Àwa tí a yè ni a ń sùn lé e lórí. Bí a bá sì ń bẹ̀rù ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa, a jẹ́ pé iṣẹ́ tí àwọn tí wọ́n rán ni níṣẹ́ ṣe nígbà náà ń bá a lọ títí di ìsinsìnyí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún gbé ìbọn. Ẹ̀rù ni owó oṣù wọn, àwa ni a ń san án.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá ju bí ẹ ti rò lọ, àwa tí a ń kọ́ èdè. Kò sí ilé-iṣẹ́ amí kan ní gbogbo ayé tí kì í wá ẹni tí ó gbọ́ èdè. Ẹni tí yóò tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ orí fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí yóò túmọ̀ lẹ́tà tí wọ́n já lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ òwe àti àkànlò. Bí ọ̀kan nínú wa bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò ní di ìbọn mú. Ìwé kékeré kan ni wọn yóò fún un pé kí ó túmọ̀: àdírẹ́sì ilé ẹnìkan, aago tí ó máa ń jáde, ọ̀nà tí ó máa ń gbà. Yóò túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá tí ó dán, yóò sì relé lọ jẹun. Nígbà tí ìròyìn bá dé lọ́jọ́ kejì, òwe wo ni yóò pa? Ṣé pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù? Àbí yóò ti rántí lálẹ́ àná pé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán òun, kí ó sì fi tọmọ jẹ́ ẹ, àní bí fífi tọmọ jẹ́ ẹ bá tilẹ̀ jẹ́ kí ó kọ̀ ọ́, tàbí kí ó ta ẹni náà lólobó? Ìwé kíkà ni ó ń pèsè ọkàn sílẹ̀ de irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí Bourne nìkan bá ni a kà, ohun tí a ti kọ́ ni bí a ṣe ń sá lẹ́yìn tí a bá ti pànìyàn tán.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí ó ṣí ojú ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtàn irú èyí, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa sì má ṣe wò ó bí ìtàn ọmọdé. Ẹni tí yóò kọ ọ́, mo fẹ́ kí ó ṣe ohun mẹ́ta fún mi. Kí ó fún òkú ní orúkọ, ìyá àti oúnjẹ àárọ̀ tí ó ń jẹ. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó yìnbọn fi "wọ́n rán mi" bọ́. Kí ó sì tẹ̀ lé iṣẹ́ náà padà sẹ́yìn, láti ojú títì dé ọkọ̀, láti ọkọ̀ dé bárékè, láti bárékè dé ọ́fíìsì, kí ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà, kí ó sì dúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi ṣí i. Bí wọn kò bá ṣí i, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò ṣí i, kí ó kọ orúkọ ọ́fíìsì náà àti ọjọ́ tí òun kàn án. Ìtàn tí ó bá parí síbẹ̀ kò ní dùn tó ti Bourne, àwọn ọmọ abẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú sì lè kọ́kọ́ kùn sí i. Ṣùgbọ́n wọn yóò mọ̀ pé ènìyàn ni Kudirat kí ó tó di títì.